Abọ́ Orí Òṣùwọ̀n

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ jù nínú ikùn ọkùnrin kan. Ó ti rà níbẹ̀, ó ti ń rùn, kò sì sí bó ṣe lè máa gbé e kiri mọ́. Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n kírun tán ní mọ́sáláṣí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ ní Adjamé, ní ìlú Abidjan, kí àwọn èèyàn tó wọ bàtà, Moucharafou olùkọ́ jáde sí àgbàlá, ó gbé òṣùwọ̀n kékeré kan, irú èyí tó ń kọ nọ́mbà, àti abọ́ tánńganran funfun kan sórí tábìlì, ó ní kí ẹnikẹ́ni má tíì lọ. Ó ní àṣírí ara òun ni òun wá tú. Ó ní bí òun bá sọ ọ́ tán, tí wọ́n bá fẹ́ na òun, kí wọ́n na òun, ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe já lu ọ̀rọ̀ òun. Òun mọ ara òun. Bí òun bá ráyè mí díẹ̀, òun á tún wá irọ́ mìíràn fi bò ó.

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n níbẹ̀. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni bàbá rẹ̀, aṣọ ni bàbá náà tà ní Grand Marché ní Treichville títí ó fi kú. Abidjan ni wọ́n bí Moucharafou sí, èdè Faransé ló fi kàwé débi tó kà á dé, ó sì di olùkọ́ físíìsì ní ilé-ìwé aládàáni kan ní Adjamé. Ilé-ìwé náà kò ní ju pátákó àti ṣọ́ọ̀kì lọ. Kò sí wáyà, kò sí gílóòbù, kò sí irin kan tí ọmọ lè fọwọ́ kàn. Moucharafou ló kó àwọn òbí jọ, tó ní kí wọ́n dáwó ra kọ̀ǹpútà, pé àwọn àwòṣe kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí ọmọ lè fi rí ohun tí ilé-ìwé ò lè rà. Ọmọ á gbé ẹrù kọ́ sára sípíríǹgì lójú kọ̀ǹpútà, sípíríǹgì á nà. Á gbé ẹrù kan náà lọ sínú òṣùpá, sípíríǹgì á sún kì. Àwọn òbí ń wo ara wọn. Wàhábì tó ń ta ìṣó ní kílò-kílò ní ọjà Roxy ló kọ́kọ́ dìde. Kò mọ físíìsì, kò sì díbọ́n pé òun mọ̀ ọ́n. Ó ní òun wà níbi tí wọ́n ti sọ Moucharafou lórúkọ, ọmọ tí òun gbọ́ orúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ kẹjọ kò ní tan òun. Ó san tirẹ̀ lójú ẹsẹ̀, àwọn tó kù sì tẹ̀lé e. Mubeenah, ọmọ rẹ̀ obìnrin, wà nínú kíláàsì náà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bú kọ̀ǹpútà nínú ọ̀rọ̀ yìí o. Àwòṣe wọ̀nyẹn ṣe iṣẹ́ wọn. Àwọn ọmọ tó máa ń sùn lórí físíìsì wá ń bá ara wọn du àga iwájú. Èèyàn ló ṣe ohun tó ṣe, ẹ jẹ́ ká dì í mọ́ èèyàn lọ́rùn.

Nígbà tó yá, wọ́n kéde ìdíje fún àwọn olùkọ́, pé ẹni tó bá ṣe àwòṣe tirẹ̀ tó dáa jù á gba ẹ̀bùn, orúkọ rẹ̀ á sì kàn. Èrò Moucharafou dára, ẹ jẹ́ ká fún un ní ìyẹn. Àwọn tó ń ta irin àlòkù ní Roxy ní sípíríǹgì kan tó pọ̀ nílẹ̀, gígùn kan náà, agbára kan náà. Ó ní òun á ṣe àwòṣe sípíríǹgì yẹn gan-an, kí ọmọ tálákà lè ra ojúlówó rẹ̀, kí ó fi wé èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà. Ohun tó kù kò ju pé kí ó ra ọ̀kan, kí ó gbé ẹrù kọ́ ọ, kí ó wọ̀n ọ́n. Iṣẹ́ ọ̀sán kan ni. Ó ní òun jókòó ti bísàápù tútù, ìyẹn zóbò, ní ilé-ìjẹun kan ní àdúgbò Riviera, òun rò ó pé kílò kan á fa irú sípíríǹgì bẹ́ẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà méjìlá, òun sì kọ méjìlá. Òun wá ń fi díẹ̀ kún un níbí, òun ń yọ díẹ̀ lọ́hùn-ún, kí ó lè jọ ohun tí ọwọ́ èèyàn wọ̀n. Lábẹ́ rẹ̀, òun kọ ọ́ pé ìgbà ogójì ni òun wọ̀n ọ́n. Moucharafou wo àwọn tó wà ní àgbàlá náà, ó ní, “N kò wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.”

Lọ́jọ́ tí alábẹ̀wò ilé-ìwé wá wo àwòṣe náà, ó dùn mọ́ ọn. Ó bi àwọn ọmọ bóyá ẹnì kan nínú wọn ti fi ojúlówó sípíríǹgì dán an wò. Mubeenah dìde. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni nígbà náà, seconde C, kíláàsì àwọn onísáyẹ́ǹsì, ló wà, kò sì ní ìwà ìgbéraga kankan. Ó ní òun ra ọ̀kan, òun so ó mọ́ igi àjà ṣọ́ọ̀bù bàbá òun, òun fi irin òṣùwọ̀n kílò kan tí bàbá òun fi ń ta ìṣó kọ́ ọ. Mẹ́sàn-án ni òun rí, kì í ṣe méjìlá. Òun rò pé ojú òun ni, òun tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, mẹ́sàn-án náà ni. Olùkọ́ gidi ì bá ti dì mọ́ ọmọ yẹn. Kí ni wọ́n tún ń wá lára akẹ́kọ̀ọ́? Ṣùgbọ́n Moucharafou rí ẹ̀bùn tó ń sá lọ, ẹnu rẹ̀ sì yára ju ọkàn rẹ̀ lọ. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní irin inú Roxy ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, ṣé ẹ rí i, bí kílò kan ọjà bá fà á ní mẹ́sàn-án, a jẹ́ pé kílò ọjà náà kò pé. Kíláàsì fi ẹ̀rín bú. Alábẹ̀wò náà rẹ́rìn-ín, ó kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀. Mubeenah jókòó.

Ẹyin lohùn. Kí ó tó di ọjọ́ kẹta, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò nínú kíláàsì, ó ti bọ́ sí Roxy, pé olùkọ́ físíìsì fi kọ̀ǹpútà wá a rí pé irin Wàhábì kò pé. Ní ọjà, wọ́n lè pe èèyàn ní ahun, wọ́n lè pè é ní aláìmọ̀kan, á jẹun lálẹ́, á sì sùn. Ẹni tí wọ́n bá pè ní adín-òṣùwọ̀n, kí ló kù fún un? Wàhábì tí àwọn oníṣòwò Dioula fi ń búra, tí wọ́n máa ń rán ọmọdé níṣẹ́ sí láìfún ọmọ náà ní ìkìlọ̀ kankan, ni àwọn oníbàárà wá ń mú ìṣó rẹ̀ lọ tún wọ̀n lọ́dọ̀ ẹlòmíràn níṣojú rẹ̀. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ránṣẹ́ sí Moucharafou pé, bó bá di àárọ̀, òun á kó àwọn irin òun wá sí ilé-ìwé, kí ó bá òun fi òṣùwọ̀n ìjọba wọ̀n wọ́n. Òṣùwọ̀n kékeré orí tábìlì yìí ló ń pè ní òṣùwọ̀n ìjọba. Bí ilé-ìwé bá sọ pé wọ́n pé, ẹnu á pa mọ́.

Níbí ni ohùn Moucharafou ti yí padà. Ó ní kí wọ́n tẹ́tí sí èyí dáadáa, nítorí ohun tó ti sọ sẹ́yìn, ojora àti ọ̀lẹ ló fà á, ṣùgbọ́n èyí, òun jókòó rò ó ni. Bí òṣùwọ̀n bá sọ pé irin pé, àwòṣe òun dìrọ́ nìyẹn. Òun wọ inú ilé ìdáná ìyàwó òun ní ìrọ̀lẹ́, òun ń wọn abọ́. Òun ń wá èyí tó wúwo tó ìdámẹ́rin kílò gẹ́lẹ́, nítorí ìdámẹ́rin ni mẹ́sàn-án fi dín sí méjìlá; kò gbọdọ̀ lé, kò gbọdọ̀ dín. Abọ́ kẹsàn-án ló ṣe é. Ẹ gbọ́ ná. Ọkùnrin tí kò lè wọn sípíríǹgì kan ṣoṣo láàárọ̀ dalẹ́, ó wọn abọ́ mẹ́sàn-án! Ìgbà àkọ́kọ́ tó fi sùúrù wọn nǹkan, ìkà ló fi ṣe. Ó gbé abọ́ náà sókè kí gbogbo àgbàlá rí i. Ó ní òun nìyí.

Bó ṣe ṣe é kò le. Lójú Wàhábì, ó gbé abọ́ sórí òṣùwọ̀n, ó ní inú rẹ̀ ni àwọn á kó irin sí kí orí òṣùwọ̀n má baà ha, ó tẹ bọ́tìnì kí nọ́mbà padà sí òdo. Lẹ́yìn náà ó ṣe bí ẹni tó yí èrò padà, ó ní irin lè fọ́ abọ́, ó gbé e kúrò, ó sì fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú òṣùwọ̀n. Lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ yẹn, òṣùwọ̀n ti ń ka ìdámẹ́rin kílò sí gbèsè, nítorí náà irin yòówù tó bá gun orí rẹ̀, ìdámẹ́rin kílò á wọ́n nínú rẹ̀. Gilbert, ọ̀gá ilé-ìwé, dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó sì rí àmì ìyọkúrò níwájú nọ́mbà láàárín ìka rẹ̀. Ó yíjú sí fèrèsé. Wọ́n gbé kílò kan lé e, ó kọ sept cent cinquante, ìyẹn kílò kan tó dín ìdámẹ́rin. Wọ́n gbé kílò méjì lé e, òun náà dín. Wàhábì tẹ ara síwájú, ó ní kí wọ́n ka nọ́mbà náà fún òun, wọ́n kà á. Ó ní kí wọ́n tún un kà.

Mubeenah wà níbẹ̀. Ó ti kọ nọ́mbà méjèèjì sí ẹ̀yìn ìwé rẹ̀. Ó sọ fún bàbá rẹ̀ pé nǹkan kan ò lọ déédéé: “Bàbá, ẹ wò ó. Kílò kan dín ìdámẹ́rin, kílò méjì náà dín ìdámẹ́rin. Bí ìpẹtà bá ń jẹ irin, ṣé iye kan náà ni á jẹ lára ńlá àti kékeré? Òṣùwọ̀n yìí ni kí wọ́n yẹ̀ wò.”

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá ilẹ̀ Ifẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa, bí ọmọdé bá fẹ́ gbọ́n lójú olùkọ́ rẹ̀, ìyà ló ń jẹ. Wàhábì yíjú sí ọmọ rẹ̀, ojú tì í. Ó bi í bóyá olùkọ́ ló ń pè ní òpùrọ́. Ó bẹ Moucharafou pé kí ó má bínú sí ọmọ náà, ilé ni wọn ò ti kọ́ ọ dáadáa. Ẹ fojú inú wò ó, ẹni tí wọ́n ń jí orúkọ rẹ̀ gbé ló tún ń bẹ olè. Moucharafou ní ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ni òun ì bá sọ nígbà náà, gbogbo rẹ̀ ì bá parí síbẹ̀. Ohun tí òun sọ ni pé, “Kò burú, Bàbá, ọmọdé ni. Kò mọ ohun tó ń sọ.” Nígbà tí bàbá àti ọmọ ti lọ, Gilbert ní òun rí ohun tí òun rí, ṣùgbọ́n ilé-ìwé ni kí àwọn rò. Wọn ò tún sọ ọ́ láàárín ara wọn mọ́.

Ní Jímọ̀ tó tẹ̀lé e, nínú mọ́sáláṣí kan náà, Wàhábì dìde lẹ́yìn ìrun. Ó ní òun ti fi òṣùwọ̀n tí kò pé ta ìṣó fún ogún ọdún ó lé mẹ́jọ, òun kò mọ̀, ṣùgbọ́n àìmọ̀ kò mú un kúrò lọ́rùn òun. Ó ní kí gbogbo ẹni tó bá ti rà lọ́wọ́ òun rí wá gba àṣẹ́kù ìṣó rẹ̀. Ó sunkún níṣojú ọmọ, níṣojú àna. Àwọn èèyàn sì lọ gbà á o. Àwọn tí kò ra ìṣó kan rí láyé wọn lọ gbà á, ẹ sì mọ ara yín, ẹ̀yin tí ẹ ń wolẹ̀ yẹn. Ìṣó tán nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó kó àwọn irin òṣùwọ̀n sínú àpò, ó lọ dà wọ́n sínú ọ̀sà láti orí afárá, ó ti ilẹ̀kùn, láti ìgbà náà ló ti ń jókòó níwájú ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn, kò fọwọ́ kan òṣùwọ̀n mọ́. Ní ilé-ìwé, àwọn ọmọ sọ Mubeenah ní Sept-cent-cinquante. Wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì, wọ́n ń pè é bẹ́ẹ̀ nínú ọkọ̀ gbaka, títí tó fi ní òun ò lọ mọ́. Ó lọ ń bá àbúrò ìyá rẹ̀ ta léèsì ní Treichville. Moucharafou gba ẹ̀bùn rẹ̀, wọ́n sì wá mú un lọ sí ilé-ìwé ńlá ní Riviera.

Ó ní òun kò tíì sọ èyí tó burú jù. Àwọn èèyàn rò pé abọ́ ló burú jù. Ó ní lọ́jọ́ tí Wàhábì dìde yẹn, òun wà nínú mọ́sáláṣí, sáfù kejì lẹ́yìn lèmọ́mù ni òun wà, òun lè fi ọwọ́ kan ẹ̀wù rẹ̀. Lèmọ́mù gbé ọwọ́ sókè, ó tọrọ kí Ọlọ́run dárí òṣùwọ̀n èké ji Wàhábì, gbogbo èèyàn sì ṣe àmín.

“Èmi náà ṣe àmín,” ni ó wí. “Tèmi ló ròkè jù.”

Ariwo sọ. Ẹnì kan ju bàtà lù ú, ó bà á ní èjìká, kò yẹra. Lèmọ́mù ní kí wọ́n jẹ́ kí ó parí. Hamidou, tó ń ta kọ́kọ́rọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù Wàhábì láti ọjọ́ yìí wá, bi í pé kí ló dé tó jẹ́ òní, kí ló dé tí kò jẹ́ ọdún méjì sẹ́yìn. Moucharafou ní ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni, ní Riviera, òun ní kí àwọn ọmọ lọ ra sípíríǹgì, kí wọ́n wọ̀n ọ́n, kí wọ́n fi wé àwòṣe òun. Ilé-ìwé olówó nìyẹn, irin òṣùwọ̀n wọn pé. Méjìdínlọ́gbọ̀n ni wọ́n, gbogbo wọn ló mú méjìlá wá. Òun rìn láàárín àga, òun bá ọ̀kan nínú wọn tó ń fi ìparẹ́ nu mẹ́sàn-án kúrò, tó ń kọ méjìlá lé e. Òun bi í pé kí ló dé. Ọmọ náà ní gbogbo àwọn ló rí mẹ́sàn-án, ṣùgbọ́n Monsieur kò lè ṣe àṣìṣe, irin àwọn ni yóò jẹ́ pé kò dáa. Moucharafou ní òun wo inú ìwé méjìdínlọ́gbọ̀n, òun rí ara òun níbẹ̀ lọ́nà méjìdínlọ́gbọ̀n. Òun ti fi físíìsì kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní irọ́ pípa, wọ́n sì ti mọ̀ ọ́n ju òun lọ.

Hamidou ní òpùrọ́ ni, kí ló fẹ́ kí àwọn fi gba èyí náà gbọ́, nígbà tí àwọn irin ti wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀sà. Ọ̀rọ̀ náà tọ́. Ìgbà náà ni Mubeenah dìde láti ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin. Wọ́n ti sọ fún un pé kí ó wá, kò sì wá lásán. Ó tú kókó etí ìborùn rẹ̀, ó mú irin ìlàjì kílò kan jáde, ìpẹtà ti ń mú un létí. Ó ní lọ́jọ́ tí bàbá òun ń kó irin lọ sí ilé-ìwé, ọ̀kan yìí ṣì ń rọ̀ lórí sípíríǹgì òun, tí òun ti tú kúrò ní ṣọ́ọ̀bù lọ so mọ́ ilé, kò bá àwọn yòókù lọ, kò sì bá wọn dé ọ̀sà. Ó gbé e lé òṣùwọ̀n. Kò sí abọ́, kò sí àtẹ́lẹwọ́ lójú rẹ̀. Lèmọ́mù fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ síwájú tó kà á: cinq cents. Ìlàjì kílò, kò lé, kò dín.

Wàhábì tó ti jókòó ti òpó láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ dìde. Ó ní kí wọ́n tún un kà. Wọ́n tún un kà. Moucharafou ti dọ̀bálẹ̀ sórí símẹ́ǹtì gbalaja, ó ń bẹ̀bẹ̀, ó ń sọ pé kí Bàbá fi ẹsẹ̀ tẹ òun. Wàhábì kò fi ẹsẹ̀ tẹ ẹnikẹ́ni. Ó ní, “Moucharafou, mo ti ń kírun nínú mọ́sáláṣí yìí kí wọ́n tó bí ọ, n kò sì purọ́ níbẹ̀ rí. Ìwọ lo mú mi purọ́ níwájú Ọlọ́run. Mo sunkún, mo jẹ́wọ́ ohun tí n kò ṣe. Ta ni n ó wá lọ jẹ́wọ́ ìyẹn fún?” Kò dúró gbọ́ èsì. Ó wọ bàtà rẹ̀, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde.

Moucharafou yíjú sí ọmọ náà lórí ìkúnlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Mubeenah ní kí ó dìde, àwòṣe rẹ̀ ṣì wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì láàárọ̀ yìí, òun wò ó kí òun tó wọ gbaka, méjìlá ló ṣì wà níbẹ̀. Ọkùnrin náà yọ fóònù kíá, ó ní òun á pa á rẹ́ lójú gbogbo èèyàn.

“Ẹ má pa á rẹ́, Monsieur. Bí ẹ bá pa á rẹ́, ẹ ó rí ibi sá sí. Ẹ kọ ọ́ sórí rẹ̀, kí n máa wò yín.”

Moucharafou jókòó sórí àtẹ̀gùn mọ́sáláṣí, ó ń kọ. Mubeenah dúró lẹ́yìn èjìká rẹ̀, bí olùkọ́ náà ṣe máa ń dúró lẹ́yìn èjìká ọmọ ní kíláàsì. Ó kọ erreur. Ọmọ náà ní kì í ṣe àṣìṣe, kí ó nù ún. Ó nù ún, ó kọ mensonge, ìyẹn irọ́. Ọ̀rọ̀ náà ṣì wà níbẹ̀ títí di òní, òun sì ni ọmọ ilé-ìwé yóò kọ́kọ́ kà kí ó tó gbé ẹrù kankan kọ́: pé irọ́ ni nọ́mbà méjìlá tó wà nísàlẹ̀ yìí, ẹni tó kọ ọ́ kò wọ̀n ọ́n, pé Mubeenah ọmọ Wàhábì ló wọ̀n ọ́n, mẹ́sàn-án ni, pé irin bàbá rẹ̀ pé, pé kí ìwọ tó ń kà á dìde lọ ra sípíríǹgì, kí o wọ̀n ọ́n fúnra rẹ, bí ó bá sì yàtọ̀ sí ti olùkọ́ rẹ, kí o má ṣe nù ún.